Ṣé Tone Poet lẹ máa rà ni, àbí Classic Vinyl?

Ẹni tó bá fẹ́ ra àwo jáàsì àtijọ́ tí wọ́n tún tẹ̀ lè bá iye owó mẹ́ta lórí orin kan náà, kó má sì mọ èwo ni kó mú. Kí n tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, mo máa ń wádìí ẹni tó gé orin náà sára àwo ìpilẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ ìyókù, àti ohun tó gé e láti inú rẹ̀, bóyá tẹ́ẹ̀pù àkọ́kọ́ ni tàbí CD.

Ẹ jẹ́ ká mú Blue Note, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń gbé àwo jáàsì jáde. Ọ̀wọ́ méjì ló gbajúmọ̀ nínú àwọn àtúntẹ̀ wọn. Tone Poet bẹ̀rẹ̀ ní 2019, Joe Harley ló ń bójú tó o, ilé iṣẹ́ RTI ní California ló sì ń tẹ̀ ẹ́. Páálí rẹ̀ nípọn, ó ń dán, ó ń ṣí bí ìwé, fọ́tò tí Francis Wolff yà níbi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Classic Vinyl ní tirẹ̀, Optimal ní Jámánì ló ń tẹ̀ ẹ́. Páálí rẹ̀ kò ní àrà kankan, owó rẹ̀ sì máa ń fi nǹkan bíi dọ́là 10 dín.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé ẹnì kan náà, Kevin Gray, ló ń gé orin ọ̀wọ́ méjèèjì sára àwo ìpilẹ̀, tẹ́ẹ̀pù àkọ́kọ́ ló sì ń lò níbi tí tẹ́ẹ̀pù náà bá ṣì dára. Ẹ gbé àwo náà sábẹ́ iná, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ní àlàfo dídán tó yí bébà àárín ká, ẹ ó rí lẹ́tà tíntìntín tí wọ́n ha síbẹ̀: KPG@CA. Àmì ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Torí náà, ẹ má bẹ̀rù Classic nítorí pé kò wọ́n. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí Moanin' ti Art Blakey àti Speak No Evil ti Wayne Shorter, ohùn wọn sì mọ́ gaara. Owó páálí lẹ fi ń ra Tone Poet lọ́pọ̀ ìgbà.

Àfi Blue Train tí John Coltrane gbà sílẹ̀ ní 1957. Èyí yẹ lówó. Oríṣi méjì ni Tone Poet gbé jáde ní 2022: mono, àwo kan, àti sítẹ́ríò, àwo méjì, tí wọ́n fi àwọn ìgbà tí wọ́n kọ orin náà tí wọn kò lò kún. Mono ni tèmi. Sítẹ́ríò ayé ìgbà yẹn máa ń pín àwọn olórin sọ́tùn-ún sósì, ṣùgbọ́n nínú mono, fèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Coltrane, ti Lee Morgan àti ti Curtis Fuller, ń jáde pa pọ̀ bí ohùn elégbè tó mọ ara wọn.

Ẹ̀kẹta, ìyẹn àwọn àtúntẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe ní Yúróòpù, ni mo fẹ́ kí ẹ sá fún. Ní Yúróòpù, ẹ̀tọ́ lórí orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọ́n sì gbé jáde ṣáájú 1963 ti parí, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́ láìní tẹ́ẹ̀pù lọ́wọ́. Mo ti ra ọ̀kan rí. Fọ́tò iwájú páálí ṣú bí fọ́tòkọ́pì, ṣaworo ìlù sì ń dún bí iyanrìn tí wọ́n ń dà sórí páànù. Gíráàmù 180 tí wọ́n kọ gàdàgbà sára rẹ̀ kò tún nǹkan kan ṣe. Àwo lè wúwo kí ohùn rẹ̀ má dára.

Ní ti orin fíìmù, Ascenseur pour l'échafaud ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ní Paris, December 1957, Miles Davis àti olórin mẹ́rin ń wo fíìmù yìí, tí Louis Malle darí, wọ́n sì ń fọn ohun tó bá sọ sí wọn lọ́kàn. Àwo kékeré oníínṣì 10 ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbé e jáde, wọ́n sì fi gbohùngbohùn, ìyẹn ohùn tó ń padà bọ̀ bíi ti inú ihò, kún fèrè náà. Àwọn àtúntẹ̀ kan ti fi àwọn ìgbìyànjú yòókù kún un, láìsí gbohùngbohùn yẹn. Ẹ wá èyí tó gùn. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo pa iná yàrá mi tí mo gbọ́ ọ: mo gbọ́ èémí Miles kó tó fọn fèrè, bíi pé ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.