Fáníìṣì aláìdán, àárọ̀ oṣù kẹjọ, àti T-55 tó funfun bí omidùn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ fi wà lórí táǹkì náà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni agolo fáníìṣì yìí fi sọ ọ́ di olókùnrùn.

Mọ́dẹ́lì ike táǹkì ogun T-55 ni, ìwọ̀n 1/35, irú táǹkì tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà náà ní. Ojúlówó rẹ̀ gùn tó mítà 9 tí ẹ bá wọn ọ̀pá ìbọn mọ́ ọn. Èyí tó wà lórí tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 26. Ọ̀dà àwọ̀ ewé ti gbẹ, nọ́ńbà funfun, sítíkà olómi ni, ti jókòó sára orí tó ń yí, wáàṣì dúdú (ọ̀dà tí a pò ṣàn kí kọ̀rọ̀ lè hàn) ti wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Fáníìṣì aláìdán ló kù, èyí tí yóò dáàbò bo gbogbo rẹ̀ tí yóò sì pa dídán rẹ́, kí ike má jọ ike mọ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo fọ́n ọn. Bó ṣe ń gbẹ ló ń funfun. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó rìn dé iwájú, àfi bí ẹni da omidùn lé e lórí. Wáàṣì ò hàn mọ́. Nọ́ńbà ò hàn mọ́.

Ìsọ̀ kan ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, tó ń ta nǹkan ayàwòrán ni mo ti rà á. Ọmọbìnrin tó tà á fún mi ní, “Ẹ ṣáà mì í díẹ̀, sà, ẹ wá fọ́n ọn.” Mo ní díẹ̀ báwo? Ó ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohun tí wọ́n kọ sára agolo fúnra rẹ̀ ni pé kí ẹ mì í fún ìṣẹ́jú 2 gbáko lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìyẹ̀fun sílíkà ló ń gba dídán lọ́wọ́ fáníìṣì: ó ń mú kí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun ní ọ̀nà tí ojú wa ò lè rí, ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á á fọ́n ká dípò kó ta padà. Ìyẹ̀fun yẹn máa ń sùn sí ìsàlẹ̀ agolo. Ẹ mì í lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní jáde bákan náà: ibì kan á máa dán bí ojú díńgí, níbòmíràn ìyẹ̀fun á pọ̀ jù, á sì fún yín ní eérú. Ìṣẹ́jú 2 tí wọ́n kọ ni mo fi mì í. Ẹ̀bi mímì kọ́ nìyí.

Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ìdáhùn dé kíákíá, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. “Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ṣé òjò rọ̀ ni?” Mo ní òjò kankan ò rọ̀. “Nígbà tí òjò ò rọ̀, sà, a jẹ́ pé ẹ̀bi wa kọ́.” Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò rí ibi tó ti so pọ̀.

Mo gbé táǹkì náà sínú páálí, mo lọ bá wọn. Ọ̀gá ìsọ̀ ò tilẹ̀ wo inú páálí. Ó ní àwọn kì í gba agolo tí wọ́n bá ti ṣí, pé kí n dé Gate, kí n ra kílíà, fáníìṣì dídán àwọn tó ń kun mọ́tò, kí n fọ́n ọn lé e, “gbogbo ẹ̀ á tán.” Gbogbo ẹ̀ á tán lóòótọ́. Kílíà olóríi méjì, èyí tí wọ́n ń po hádínà mọ́, tínà inú rẹ̀ le débi pé ó lè jẹ ike mọ́dẹ́lì, kó sì ká sítíkà olómi kò bí awọ ẹja. Ẹni tó bá ń ta fáníìṣì mọ́dẹ́lì kò gbọdọ̀ fi ìyẹn gba oníbàárà nímọ̀ràn. (Fáníìṣì àwọn káfíńtà tí ẹlòmíràn tún ń pè ní gbogboǹṣe, ẹ fi sílẹ̀ fún àga. Bó pẹ́ bó yá, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.)

Ibi tí mo ti ń yí padà ni bàbá kan tó ń to ọjà sórí pẹpẹ ti nawọ́ gba páálí náà. Kò bi mí nípa òjò. Ó ní, “Ẹ fi ìka rà á wò. Ṣé ó ń kù sí yín lọ́wọ́ bí ẹfun, àbí ńṣe ló ń yọ̀?” Mo ní ó ń yọ̀. “Omi ni. Tó bá jẹ́ bí ẹfun, á jẹ́ pé ẹ jìnnà jù, ó ti gbẹ sínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀.” Ó wá bi mí ní aago tí mo fọ́n ọn. Nígbà tí mo sọ pé mẹ́sàn-án, ó kàn mi orí.

Òótọ́ ni. Nígbà tí tínà bá ń gbẹ kúrò lára ọ̀dà, ó ń gbé ooru lọ, ojú ọ̀dà á tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì tò sí i lára bí píọ́ wọ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì ṣe máa ń làágùn. Omi yẹn á há sínú fáníìṣì, á sì funfun. Oṣù kẹjọ Ìbàdàn ló sì ń tan ènìyàn jù: òjò á dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀, a óò rò pé ilẹ̀ ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ṣì rin gbindin. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin ka ìdá 88 nínú 100 lórí tábìlì mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Tó bá ti lé ní 70, ẹ gbé agolo jù sílẹ̀.

Ohun tí bàbá náà ní kí n ṣe nìyí, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ dúró de ọ̀sán gangan lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa. Mo dúró fún ọjọ́ mẹ́rin kí ẹ̀rọ tó ka 67, ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀. Ẹ mú fáníìṣì tó ń dán, ti ilé iṣẹ́ kan náà, ẹ fọ́n ọn lé ibi tó funfun láti sẹ̀ǹtímítà 20, kí ó kàn tutù díẹ̀, kó má ṣàn. Tínà inú rẹ̀ á tún ojú ti tẹ́lẹ̀ ṣí, omi á rí ọ̀nà jáde. Mo dúró tì í, mo ń wò ó: funfun náà ń ká kúrò láti etí wá sí àárín, àwọ̀ ewé ń yọ lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà tún hàn, àní ìlà wáàṣì tó wà lẹ́bàá ìdè kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ìwàǹwára fọ́n ìkejì lọ́jọ́ yẹn, sítíkà lè wú. Ẹ fún un ní wákàtí 24.

Lẹ́yìn náà ni mo padà sórí aláìdán, ọ̀sán náà ni. Mo ki agolo bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10 (omi gbígbóná kọ́ o, iná sì ni èèwọ̀), mo nù ún gbẹ, mo mì í fún ìṣẹ́jú 2, mo dán an wò lára ṣíbí ike dúdú. Dúdú ló ń tú àṣírí funfun jùlọ. Láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 ni mo ti fọ́n ọn. Ikùn táǹkì lábẹ́ àti àárín táyà ẹsẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kí ẹ tó dé ara táǹkì, ẹ má sì jù ú sílẹ̀ títí ẹ ó fi kọjá rẹ̀; ibi tí ẹ bá ti dúró tẹ̀ ẹ́ ni ẹ̀kán ti máa ń balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìṣẹ́jú 15 láàárín, kòròbá ike ni mo sì dojú rẹ̀ dé e kí eruku má bà á. Ìbòmú táwọn dókítà ń lò ò dí òórùn tínà o. Ẹ wá èyí tó ní èédú nínú, kí ẹ sì jìnnà sí sítóòfù àti jẹnẹrétọ̀.

Mi ò fọ́n ṣéènì ẹsẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Rọ́bà ni, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí ẹ bá sì tún un tẹ̀, fáníìṣì á sán. Pẹ́ńsùlù 2B ni mo fi ra etí rẹ̀ lẹ́yìn ohun gbogbo, ó sì rí bí irin tí ilẹ̀ ti họ. Iná iwájú àti gíláàsì ìyọjú, ẹ̀kán fáníìṣì dídán kọ̀ọ̀kan ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì tò sí i, kí wọ́n lè padà máa tàn.

Bó ṣe rí báyìí, kò sí ọ̀dà tí ó tún jọ irin tó báyìí lójú mi. Kò ní eérú, kò ní eruku, ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù, kò ní ta padà rárá. Ẹnu agolo náà ló tún ń tutọ́ nígbà tó ku ìdajì, àfi kí ẹ máa dojú rẹ̀ dé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí afẹ́fẹ́ nìkan á fi máa jáde, lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan. Ìwé ara rẹ̀ ò sì sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa ọ̀rinrin. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún náírà ni mo rà á, wọn ò lè fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Bàbá tó ń to ọjà ló ni méjì nínú rẹ̀. Mo ti tún ra agolo kejì lọ́wọ́ àwọn kan náà, mi ò sì ní ṣí i títí ọyẹ́ á fi dé.