Khan Academy ló bá mi tú ìdí MTH 102

Kí n tó sọ bí Khan Academy, ìkànnì ìkẹ́kọ̀ọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ọdún kìn-ín-ní ni mo sì wà. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko la fi jókòó sílé. Nígbà tá a padà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi parí iṣẹ́ odindi sáà kan, MTH 102, ìyẹn calculus, ẹ̀ka ìṣirò tó ń wo bí nǹkan ṣe ń yí padà, ló sì ká mi láyà jù.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa mọ̀wé, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìbéèrè ni kò fẹ́. Bó bá ti wọlé, á kọ ẹ̀yìn sí wa, á kọjú sí pátákó, kí ẹni tó wà níwájú pàápàá tó da ìlà kejì kọ, ó ti nu ti àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni 6x yẹn ti wá?" Olùkọ́ ní kó padà sí sẹ́kọ́ńdìrì rẹ̀ lọ béèrè. Kò sẹ́ni tó tún nawọ́ mọ́ títí sáà fi parí. Ó wá fi ọ̀rọ̀ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ti gbọ́ rí lé e: A, ti Ọlọ́run ni, B, tèmi ni, C ni kí ẹ̀yin máa dù.

Ó dùn mí, torí èmi náà kò mọ ibi tí 6x ti wá. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ní kí n wá Khan Academy lórí fóònù mi.

Ọ̀fẹ́ ni. Wọn kì í gba kọ́bọ̀, wọn kì í sì fi ìpolówó ọjà dí èèyàn lọ́wọ́. Salman Khan, ọmọ Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún 2004, ó ń kọ́ ìbátan rẹ̀ kan ní ìṣirò láti ìlú mìíràn lórí tẹlifóònù; ní 2006 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò sórí YouTube, ní 2008 ó sọ ọ́ di iléeṣẹ́ tí kì í ṣe tìtorí èrè. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ ti wá, torí bí ẹni tó jókòó ti àbúrò rẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ ò ní rí ojú rẹ̀ nínú fídíò wọ̀nyẹn, ohùn rẹ̀ nìkan ni, àti ọwọ́ ìkọ̀wé aláwọ̀ oríṣiríṣi lórí pátákó dúdú. Bí kò bá yé yín, ẹ dá a padà. Ẹ lè dá a padà lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní bínú.

Ìṣirò tó dá wàhálà sílẹ̀ ní kíláàsì nìyí: ẹ differentiate (3x² + 1)⁵, ìyẹn ni pé kí ẹ wá bí iye rẹ̀ ṣe ń yára yí padà bí x bá ń yí padà. Lẹ́yìn fídíò mẹ́ta lórí chain rule, ìyẹn òfin tá a fi ń differentiate ohun tó wà nínú ohun mìíràn, mo rí i pé bí ẹni ń tú mọ́ínmọ́ín eléwé ni. Ewé ìta là ń kọ́kọ́ tú, a ò tíì fọwọ́ kan ti inú: 5(3x² + 1)⁴. Lẹ́yìn náà la wá tú ti inú, 3x² + 1, ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni 6x. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀ lára ara wọn, ó di 30x(3x² + 1)⁴. Mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí 6x ti wá nìyẹn! Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti ṣàlàyé ẹ̀ fún ọmọbìnrin yẹn.

Ìdánrawò wà lẹ́yìn fídíò. Bẹ́ ẹ bá há síbì kan, á máa tọ́ yín sọ́nà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbí: ìdáhùn ìkẹyìn nìkan lẹ óò tẹ̀ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn olùkọ́ wa ń wo bẹ́ ẹ ṣe ṣe é láti ìlà dé ìlà. Ètò ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ló sì ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, mo ra ìbéèrè àtẹ̀yìnwá níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, gbogbo èyí tí mo bá wo fídíò rẹ̀, mo máa ń ṣe é tán pátápátá sínú ìwé. Dátà òru ni mo ń rà.

Ohun tí n kò retí ni pé ó tún gbà mí lọ́wọ́ olùkọ́ yẹn. Wọ́n lẹ máàkì ìdánwò àárín sáà, mo gba 7 nínú 30. Mo jókòó, mo tún gbogbo ìbéèrè náà ṣe, ó sì dá mi lójú pé ohun tí mo kọ lọ́jọ́ náà ju méje lọ. Èmi àti gómìnà kíláàsì wa lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mi ò wá tọrọ máàkì. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣìnà ni." Ó wá ìwé mi jáde. Ẹ̀yìn ìwé náà, kò sí ìlà báírò pupa kankan níbẹ̀. Wọn ò ṣí i. Ó máàkì í lójú mi, ó di 19. Kò ní kí n má bínú. Ó kàn bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní fídíò ni, sà. Ó wo ìwé mi fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n máa lọ.

B ni mo gbà nígbẹ̀yìn. Màá fún fídíò náà ní márùn-ún nínú márùn-ún, màá sì fún ìdánrawò ní mẹ́rin. Bí MTH 102 bá wà lọ́rùn yín ní sáà yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti limits, ìyẹn iye tí nǹkan ń sún mọ́, ẹ má fò ó, torí òun ni wọ́n fi ń ṣàlàyé gbogbo ohun tó kù.