Sọ́fúwíà Ìyàwòrán Ilé fún Agbaṣẹ́ṣe Kékeré: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Oníbàárà kan pè mí lálẹ́ pé òun fẹ́ kí ilé ìdáná fẹ̀ sí i, kí n ti ògiri rẹ̀ sẹ́yìn ní 60 sẹ̀ǹtímítà. Mo tì í lórí pílánì, mo sún fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ mi ò rántí tún àwòrán ojú ilé ṣe. Àwòrán ojú ilé yẹn gan-an ni bíríkìlà mú dání nígbà tó ń mọ ọ́n. Fèrèsé bọ́ síbi tí kò yẹ, a wó o, a tún un mọ. Láti ọjọ́ náà ni n kì í ti í kọ́kọ́ wo bí àwòrán sọ́fúwíà kan ṣe ń dán tó. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: bí ògiri kan bá sún, àwòrán mélòó ni mo máa fọwọ́ ara mi tún ṣe?

Bí ẹ bá ra AutoCAD, gbogbo wọn ni. Ó ti wà láti 1982, ìlà ni ẹ ó sì máa fà lórí rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi rúlà àti pẹ́ńsù yàwòrán. Ìlà méjì lásán ni ògiri jẹ́ lójú rẹ̀. Ohun tó mú kó wúlò síbẹ̀ ni DWG, irú fáìlì tó fi ń pa àwòrán mọ́, torí kò sí ẹnjiníà tí kò ní rí i ṣí. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ ṣàtúnṣe àwòrán tí ayàwòrán ilé gbé wá, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, AutoCAD LT tó yẹ fún yín. Owó rẹ̀ kéré sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pílánì pẹlẹbẹ nìkan ló sì ń yà. Àwọn méjèèjì, owó àsansílẹ̀ ni: ọjọ́ tí ẹ ò bá san mọ́, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá fẹ́ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ lọ́rùn lè wo ZWCAD, tó ń ṣí DWG, tí wọ́n sì ṣì ń tà ní àràpa. LibreCAD jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ DXF, irú fáìlì àwòrán mìíràn, ló mọ́ ọn lára. Ẹ ní kí ayàwòrán ilé fi ìyẹn ránṣẹ́ sí yín.

Ọ̀nà kejì ni ti Revit àti Chief Architect. Ilé gan-an ni ẹ ń kọ́ sínú kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Pílánì, ojú ilé, àti bí inú rẹ̀ ṣe rí bí a bá là á láti òkè dé ilẹ̀, ara ilé kan náà ni gbogbo wọn ti ń jáde. Ẹ ti ògiri lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á yí padà. Ká ní mo ti ní irú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, fèrèsé mi ò bá má ṣìnà.

Revit lágbára, àmọ́ kíkọ́ rẹ̀ ń gba oṣù, Windows nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́ lé. Fáìlì tí ẹ bá fi ẹ̀dà tuntun pamọ́, ẹ̀dà àtijọ́ kò lè ṣí i. N ò ní rà á fún ẹni tó ń kọ́ ilé méjì tàbí mẹ́ta lọ́dún, àfi bí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá ti ń lò ó.

Chief Architect ni èmi yóò rà bí agbára bá ká a, torí ilé gbígbé ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ mọ ògiri tán, á bo òrùlé, á gbé àtẹ̀gùn, á sì ka ohun èlò. Àmọ́ ilé onípákó bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní Amẹ́ríkà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù ni ẹ ń lò, ẹ fọwọ́ ara yín tò ó bí ògiri yín ṣe nípọn tó kí ẹ tó gba iye tó bá kà gbọ́. Home Designer Pro jẹ́ àbúrò rẹ̀ tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Chief Architect lè ṣí fáìlì Home Designer, àmọ́ Home Designer kò lè ṣí tiẹ̀.

SketchUp, tó ti wà lọ́wọ́ Trimble láti 2012, wà láàárín ọ̀nà méjèèjì. Kò sí èyí tó yá ju òun lọ láti fi han káfíńtà bí igi òrùlé ṣe ń pàdé ara wọn. Fún àwòrán tí ẹ máa tẹ̀ sórí bébà, LayOut, ètò tó ń to àwòrán SketchUp sórí bébà, ni ẹ nílò, SketchUp Pro tí wọ́n ń sanwó fún ló sì ń bá wá. Ẹ má fi èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́ oníbàárà. Àṣẹ rẹ̀ kò gbà á.

Sweet Home 3D dára láti fi bá onílé jíròrò ibi tí bẹ́ẹ̀dì àti àga máa wà. Kò mọ òrùlé bò, kò sì ń fi DWG pamọ́.

Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó máa sọ fún yín pé òpó kan tín-ín-rín jù. Iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba ẹ̀dà ìdánwò, kí ẹ sì fi yàwòrán ilé kan tí ẹ ti kọ́ parí. Ẹ ti ògiri kan, kí ẹ wo ohun tó yí padà àti ohun tí kò yí. Ẹ fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnjiníà yín, ẹ bi í bóyá ó ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní 1:100, kí ẹ gbé rúlà lé e: ògiri tó gùn ní mítà 4 gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 géérégé.