Díífù iwájú Hilux mi: àwọn ará Lafẹnwá mọ iṣẹ́ inú, ti ìta ló kù

Hilux ni mo fi ń kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà Òpéjì. Apá kan ọ̀nà yẹn òkúta, apá kan ẹrẹ̀ pupa, odò kéékèèké tí kò ní afárá sì wà láàárín. Lásìkò òjò, ẹni tí kò bá fi sí fóò-wíìlì kò ní débẹ̀. Díífù iwájú, ilé jíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà iwájú méjèèjì, ló ń jìyà ẹ̀. Kíráún rẹ̀, ìyẹn jíà róbótó ńlá inú rẹ̀, kéré ju ti ẹ̀yìn lọ, àwa náà kì í sì í ṣojú àánú bí a bá ń di ẹrù. Nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í ké lábẹ́, mo gbé e lọ bá àwọn kan lẹ́yìn ọjà Lafẹnwá, l'Abẹ́òkúta, tí wọn kì í ṣe iṣẹ́ mìíràn ju jíà àti díífù lọ.

Ọ̀gá wọn kò dá owó lé mi kó tó tú u. Ó da ọ́ìlì rẹ̀ sínú abọ́, ó ní, "Àlhájà, ẹ wá fojú yín rí i." Ó funfun bí omi ògì. Omi ti wọlé. Bí díífù tó gbóná bá já sínú odò tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á wá máa fa omi wọlé níbi ihò tó fi ń mí. Ó fi rọ́bà gígùn sí ihò náà, ó fà á gòkè dé ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Owó rọ́bà yẹn kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kí ẹni tó ń la odò kọ́kọ́ ṣe.

Ibi tí owó wà ni píníọ́n, jíà kékeré tó ń yí kíráún. Láàárín bẹ́árìn rẹ̀ méjèèjì, irin róbótó fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe kó máa fún pọ̀ bí wọ́n bá ń di nọ́ọ̀tì. Tí ọkọ̀ bá ń bá òkúta jà, á tún fún pọ̀ sí i, bẹ́árìn á dẹ̀, píníọ́n á máa yẹ̀, eyín á wá máa jẹ eyín. Ọ̀gá ní kí tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, gé irin tó ki, tí kò lè fún pọ̀, dípò rẹ̀. Ló bá ń fi ṣíìmù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dí àlàfo, sí i, ó ń yọ ọ́, ó ń fọwọ́ yí i wò, ó tún ń fi òmíràn sí i. Èmi tí n kì í ní sùúrù, mo jókòó tì í. Ó kun eyín kíráún ní ọ̀dà yẹ́lò, ó yí i, ó fi ojú ibi tí píníọ́n ti nu ọ̀dà náà hàn mí: àárín eyín gan-an, kò sún sí etí. Ó fi gééjì wọn àlàfo àárín eyín, abẹ́rẹ́ dúró sí mílímítà 0.15. Ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó ní gééjì yẹn. Ọwọ́ lọ̀pọ̀ wọn fi ń mì í, wọ́n á ní ó ti dáa.

Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, ló ti ra kíráún àti píníọ́n, tòkunbọ̀, inú díífù kan náà ni wọ́n ti yọ méjèèjì. Kò sí ohun tó ń jẹ́ kí ẹ ra ọ̀kan níbí, kí ẹ ra èkejì lọ́hùn-ún.

Ó bá awakọ̀ mi náà wí. Ó ní tí ọkọ̀ bá há, kó yé fi ẹ̀yìn já a pẹ̀lú agbára, torí ẹ̀gbẹ́ kejì eyín ló ń gbé e nígbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ yẹn kò sì lágbára tó ti àkọ́kọ́. Awakọ̀ mi gbọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Wẹ́dà wọn ni mo bá jà. Ó fẹ́ jó irin mọ́ ilé díífù fúnra rẹ̀, mo ní rárá: iná á yí i, ibi tí bẹ́árìn jókòó sí á yẹ̀. Ó wá fi bóòtù de irin pẹlẹbẹ kan sábẹ́ rẹ̀. Irin yẹn dára, òkúta ti há a lára kò sì tẹ̀, àmọ́ ó bo bóòtù tí à ń tú láti da ọ́ìlì nù. Mo padà lọ kí wọ́n lu ihò sí i, wọ́n ní kí n san ₦5,000. Mi ò san án.

Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦140,000, ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ó wọ́n, mo sì tún máa lọ. Ẹ má lọ lọ́sàn-án Jímọ̀, ẹ má retí kí wọ́n gbé fóònù. Kí wọ́n tó gbé irin yẹn sábẹ́ ọkọ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n ti lu ihò rẹ̀.