Owó wúrà Amẹ́ríkà, àwòrán kan, ẹyọ kan: mo fọwọ́ sí i

Ẹni tó bá fẹ́ kó owó wúrà àtijọ́ ti Amẹ́ríkà jọ lè máa lé ọdún àti ìlú tí wọ́n ti rọ wọ́n kiri. Ìyẹn kò lópin, owó ilé lè wọ̀ ọ́ lọ. Ti àwòrán ni èmi tọ̀: ẹyọ kan péré fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ ló pé síbi kan báyìí: dọ́là méjì ààbọ̀, márùn-ún, mẹ́wàá àti ogún, mẹ́rin ti àtijọ́ tó ní orí Obìnrin Òmìnira, obìnrin tí wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ òmìnira, àti mẹ́rin tó rọ́pò wọn ní 1907 àti 1908. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rà wọ́n, nínú ike tí àwọn tó ń yẹ owó wò fi dì í, tí wọ́n kọ ìpele bí owó náà ṣe dára tó sí lára.

N kò ní pẹ́ lórí mẹ́rin àkọ́kọ́. Christian Gobrecht ló ya mẹ́ta, wọ́n sì jọra bí ọmọ ìyá. Ogún dọ́là, iṣẹ́ James Longacre, ló yàtọ̀: wúrà tí wọ́n rí ní California ní 1848 ló bí i. Ó wọn gíráàmù 33 ó lé, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ wúrà. Kódà nínú ike, ọwọ́ máa mọ ohun tó gbé.

Mẹ́rin kejì gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ààrẹ Theodore Roosevelt ka owó ilẹ̀ rẹ̀ sí ohun tí kò lẹ́wà, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún Augustus Saint-Gaudens, ẹni tó ń mọ ère. Lórí ogún dọ́là rẹ̀, Òmìnira ń rìn bọ̀, iná lọ́wọ́ kan, ẹ̀ka igi ólífì lọ́wọ́ kejì. Obìnrin adúláwọ̀ kan, Hettie Anderson, ló dúró fún ère tí Òmìnira yìí ti wá, inú mi sì máa ń dùn sí i nígbàkígbà tí mo bá wò ó. Àwòrán àwọn àkọ́kọ́ yọ gọngọ débi pé ẹ̀rọ ní láti tẹ̀ wọ́n léraléra, ni Charles Barber, olórí àwọn tó ń fín àwòrán owó fún ìjọba, bá dín in kù. Saint-Gaudens ti kú kí wọ́n tó ná an. Ti 1924 ni mo ní, ọdún tó pọ̀ lọ́jà. Bó bá jẹ́ àwòrán lẹ ń wá, ẹ má sanwó fún ọdún tó ṣọ̀wọ́n.

Síbẹ̀, èyí tó kéré jù, dọ́là méjì ààbọ̀ ti Bela Lyon Pratt, ni mo fẹ́ràn jù. Àwòrán rẹ̀ kò yọ síta, ó rì wọnú wúrà: orí ọkùnrin ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú adé ìyẹ́. Nígbà tó jáde ní 1908, oníṣòwò owó àtijọ́ kan ní Philadelphia kọ̀wé sí Ààrẹ pé ìdọ̀tí yóò kó sínú rẹ̀, yóò sì tan àrùn ká. Ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, ẹ ó rí ìyẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí dọ́là mẹ́wàá, Saint-Gaudens fi irú adé yìí dé Òmìnira lórí, bẹ́ẹ̀ adé jagunjagun ni. Pratt ya ẹni tó ni adé.

Ike náà nìkan ló ń dùn mí. Ó ń dáàbò bo owó, kì í sì í jẹ́ kí ayédèrú rọrùn, ṣùgbọ́n àwọn ike àtijọ́ bo etí owó mọ́lẹ̀. Etí ogún dọ́là Saint-Gaudens ni wọ́n kọ E PLURIBUS UNUM sí, ìràwọ̀ ló sì yí etí dọ́là mẹ́wàá ká. Ẹ béèrè fún ike tó fi etí hàn.

Ní ti iye, ogún dọ́là tó wọ́pọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wúrà inú rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wọn wà ní báńkì Yúróòpù nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gba wúrà lọ́wọ́ aráàlú ní 1933, tí wọ́n sì yọ́ ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n gbà; ìyẹn ló jẹ́ kí ti Yúróòpù ṣẹ́ kù. Àmọ́ dọ́là méjì ààbọ̀ Pratt ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ rà, kí ó sì kọ èyíkéyìí tó ń dán ju bó ṣe yẹ lọ: wọ́n ti fọ̀ ọ́ nìyẹn.