Àgbéyẹ̀wò ìlànà àtúnṣe Debian 12
Ìlànà tí Debian, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń tẹ̀ lé fún ẹ̀dà rẹ̀ tó ti dúró ṣinṣin, irú bíi Debian 12 tó jáde lọ́dún 2023, tẹ́ mi lọ́rùn: bí àléébù ààbò bá yọjú nínú package kan (àkójọ fáìlì tí a fi ń gbé ètò kan sórí kọ̀ǹpútà), àtúnṣe yẹn nìkan ni wọ́n sábà máa ń mú wọnú ẹ̀dà tó wà nílẹ̀, láìkó àrà tuntun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè mọ́ ọn. Firefox ESR, ẹ̀dà aṣàwárí wẹ́ẹ̀bù Firefox tí wọ́n ń tì lẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́, yàtọ̀ ní tirẹ̀, odindi ẹ̀dà tuntun ni wọ́n ń gbé wọlé fún un, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni nọ́ńbà ẹ̀dà: àfikún kékeré bíi «+deb12u1» lẹ́yìn nọ́ńbà àtijọ́ ló sábà máa ń fi àtúnṣe hàn, nítorí náà ẹni tí kò bá ṣí changelog (àkọsílẹ̀ àwọn àyípadà) lè rò pé àléébù náà ṣì wà.