Mo dán ẹ̀rọ CPAP tó ní òun mọ ìgbà tí èèyàn sùn wò

Èémí mi máa ń dá dúró lójú oorun, ẹ̀rọ CPAP, èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ìbòmú sí nímú kí ọ̀nà ọ̀fun má bàa dí, ni mo sì fi ń sùn. Agbára afẹ́fẹ́ tí dókítà ní kí n máa lò jẹ́ 11 lórí ìwọ̀n ẹ̀rọ náà. Ta ni irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa fẹ́ sí nímú tí oorun á tún gbé lọ? Ìdí nìyẹn tí mo fi tan ètò tó ń ṣọ́ oorun. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí 4, ó di ìgbà tó bá gbà pé mo ti sùn kó tó máa gòkè díẹ̀díẹ̀.

Kò sí wáyà lórí mi bíi ti ilé àyẹ̀wò oorun, níbi tí wọ́n ti ń wo iṣẹ́ ọpọlọ. Èémí nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń wò. Tó bá ń wọlé tó ń jáde dọ́gba-dọ́gba, tàbí tí mo bá ń hanrun, oorun ló kà á sí.

Mo bá ní kí n tàn án jẹ. Mo wọ ìbòmú, mo dùbúlẹ̀, mo ń kàwé, mo sì ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í le: 5, 6, 7, èmi sì ń ṣí ojú ìwé lọ ní tèmi. Lálẹ́ ọjọ́ mìíràn, mo ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, mo ń mí kanlẹ̀. Kò kúrò lórí 4.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ìgbà tí mo mọ̀ọ́mọ̀ sé èémí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15. Láàárọ̀, mo bá a nínú mẹ́mọ́rì káàdì ẹ̀rọ náà pé èémí mi dá dúró. Èmi tí mo lajú kalẹ̀!

Ìṣirò rẹ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn fura sí. Gbogbo wákàtí tí ìbòmú fi wà lójú ló fi ń pín iye ìgbà tí èémí dá dúró. Bí ó bá jẹ́ ìgbà 24 láàárín wákàtí 8, á ní 3 ni ní wákàtí kan. Tó bá wá jẹ́ pé wákàtí 4 péré lèèyàn rí sùn ńkọ́? 6 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ láti orí 5 ni dókítà ti ń kà á sí àìsàn.

Síbẹ̀ mi ò pa ètò náà, torí ó ń jẹ́ kí n tètè sùn. Àmọ́ tí mo bá jí láàárín òru, kò mọ̀. Orí 11 náà ló máa wà títí màá fi tẹ bọ́tìnnì. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń dín afẹ́fẹ́ kù fúnra wọn tí èémí bá ti yí padà bíi ti ẹni tó jí. Irú ìyẹn ni màá béèrè tí mo bá fẹ́ ra òmíràn.